Orin Yèyé Àjọkẹ́

Àwọn ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Akínkúnmi gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó sì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé bẹ́ńṣì ló gbé ẹnìkan ṣubú ni.

“Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Ìsìnkú la ń palẹ̀ mọ́ fún. Òní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta la fẹ́ kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká tún un gbé láti òkè.”

Wọ́n tún un gbé. Àwọn obìnrin ló bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́. Wọn ò tíì kọjá ọ̀rọ̀ kẹta tí Testimony, ọmọbìnrin tó máa ń síwájú wọn, fi ìwé orin bojú, tí èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹgbẹ́ akọrin dákẹ́, nítorí pé ẹnìkan dìde lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Bọ́lárìnwá ni, ọkọ obìnrin tí wọ́n fẹ́ sin. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàdọ́rùn-ún ni, àgbẹ̀ kòkó àti obì tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lóko lẹ́yìn Ìwàrà, kí ọjọ́ ogbó tó lé òun àti ìyàwó rẹ̀ wá sí ilé wọn ní Iléṣà. Ó ti ní kí wọ́n mú òun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kí òun lè gbọ́ orin náà ṣáájú. Kò sẹ́ni tó rántí pé ó wà níbẹ̀.

“Akínkúnmi,” ó pè é, “kí ni wọ́n ní ó dé?”

“Ìyá wa, sà. Ìyá wa dé ilé ògo.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tó wà nínú ìwé. Mi ò mọ̀wé. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo ń bi ọ́.”

Akínkúnmi wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ó fi ọkàn kọ ìlà náà, òun náà sì gbọ́ ọ wàyí. Dò dò re mí ló fi sí i, níbi tó yẹ kó jẹ́ dò mí re mí. Nóòtì kan ṣoṣo ló yẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọrin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí ẹgbẹ́ akọrin ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì ni pé, “Ìyà wa dé.”

“Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mo fi gbé obìnrin yìí,” Bàbá Bọ́lárìnwá ní. “Kò fi ìyà jẹ mí lọ́jọ́ kan.”

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan tó mú un wá sáré tẹ̀lé e.

Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀, olórí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀, tó ti kọ́ Akínkúnmi níwèé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sún mọ́ ìdí kíbọ́ọ̀dù. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Orin ìkórè èṣí nìyẹn, Kúnmi. ‘Ọ̀nà wa ṣí.’ O yọ ọ̀nà, o ki ìyá bọ̀ ọ́.”

“Ẹ má bínú, sà. Ìkánjú ni.”

“Ìkánjú tìrẹ kì í tán.” Ó mí kanlẹ̀. “Ṣé ká kúkú mú ọ̀kan nínú ìwé orin? Kò sẹ́ni tó máa bá wa wí.”

“Rárá, sà. Olóògbé fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí. Màá mú òmíràn wá kó tó di àárọ̀ Àbámẹ́ta.”

“Ṣé o ráyè?”

Akínkúnmi ní òun ráyè. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ayé tí ọkùnrin náà ní. Iṣẹ́ tíṣà ni ìjọba gbà á fún, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní orin ní Òṣogbo. Ìyẹn nìkan ì bá tó ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ti bí i sí ní Iléṣà, òun náà sì ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ olórin Adédìran, tó ń lo yàrá kan nítòsí Old Garage. Ó ń lọ kọ́ ọmọ mẹ́fà ní dùùrù nílé àwọn òbí wọn. Ó sọ yàrá àlejò ilé rẹ̀ ní Igbona di ibi tí àwọn akọrin ẹ̀mí ti ń gba ohùn sílẹ̀, débi pé bí àlejò bá dé, inú kíṣínì ni wọ́n ń jókòó. Ó tún forúkọ sílẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí mìíràn ní yunifásítì. Ọdún kẹrin rèé, kò tíì kọ orí kìíní ìwé tó yẹ kó fi gboyè. Bí wọ́n bá ní kó wá ṣe rẹfirí bọ́ọ̀lù, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé aago mélòó ni. Ènìyàn dáadáa ni, kò sì lójúkòkòrò. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ‘rárá’.

Ó wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò tíì jáde ní ìlú tí Adédìran fi pè é.

“Ọ̀gá mi, má gbàgbé o. Ọ̀la, aago mẹ́rin, pírátíìsì. Àbámẹ́ta, òde Ìkìrun.”

“Mo rántí.”

“Ìsìnkú tó o ní yẹn ńkọ́?”

“Bí wọ́n bá ti parí ìsìn, màá sá wá. Màá bá yín níbẹ̀.”

Ó ti ṣètò rẹ̀ sórí. Aago mẹ́wàá, ìsìn ìsìnkú ní Iléṣà. Aago méjìlá, kí àwọn yòókù máa gbé pósí lọ sí itẹ́ òkú, kí òun máa gbé kíbọ́ọ̀dù lọ sí Ìkìrun. Aago márùn-ún, ìdánrawò ní Òkè-Fìà. Gbogbo rẹ̀ ló bára mu, àfi orin tó fẹ́ tìtorí rẹ̀ lọ sí Iléṣà, tí kò tíì sí.

Ó gbé orí lé fèrèsé mọ́tò. Ọ̀rọ̀ Bàbá Bọ́lárìnwá ò kúrò létí rẹ̀, ojú sì ń tì í, irú ìtìjú tí kò jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí olóògbé fi ìka ọwọ́ kọ́ ọ ní dò-re-mí. Màmá Julianah ni ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n Yèyé ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè é. Bó bá ti oko wá ta obì ní Iléṣà, á jókòó ti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á fi àtàńpàkò ṣe dò, á fi ìka tó tẹ̀lé e ṣe re, á fi ìka àárín ṣe mí.

“Pe orúkọ rẹ,” á ní.

“Akínkúnmi.”

“Gbọ́ ọ. Re mí mí re. Ọlọ́run ti fi orin sí ọ lórúkọ kí o tó gbọ́n.”

Ẹni tó kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ohùn tirẹ̀, tí orin kò gbọdọ̀ bá a jà, òun ni Akínkúnmi wá fi orin sọ di ìyà. Bó sì ṣe ṣe é kò gbà á ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ní Ọjọ́rú, nínú yàrá àwọn tíṣà, láàárín ìwé ìdánwò tó ń máàkì, ó wá orin ìkórè èṣí jáde, ó ka ọ̀rọ̀ tuntun mọ́ nóòtì, wọ́n ṣe déédéé, ó sì gbà pé ó ti parí.

Èyí tó dùn ún jù ni pé Yèyé ti bẹ̀ ẹ́ ṣáájú. Ó ti pé ọdún márùn-ún báyìí, lẹ́yìn ìsìn Àjíǹde, tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ní, “Kọ orin kan fún mi. Kékeré ni kó jẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí wọ́n tó máa kọ ọ́ sí mi lórí.” Akínkúnmi ní, “Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Yèyé.” Bí wọ́n bá ti ríra, á bi í léèrè, èsì rẹ̀ kì í yí padà. Ní Kérésìmesì tó kọjá, Yèyé ò bi í mọ́. Àlàáfíà ọmọ rẹ̀ ló béèrè. Ara tu Akínkúnmi lọ́jọ́ náà pé kò bi í. Nínú mọ́tò yìí, ó rántí bí ara ṣe tù ú, ó sì kórìíra ara rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé, àwọn akọrin ẹ̀mí méjì ti ń dúró dè é nínú yàrá àlejò. Ìyàwó rẹ̀, Ìwàlẹwà, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Òkè-Fìà, ti ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú kíṣínì. Akínkúnmi jókòó tì í lórí àpótí, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

“Ìyà wa dé?” Ìwàlẹwà bú sẹ́rìn-ín, kò lè mú un mọ́ra. Ìgbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀ ló dákẹ́. “Ẹ pẹ̀lẹ́. Bàbá ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n jáde. Mo ti ní màá kọ òmíràn.”

“Láàárín àkókò wo? Ṣé ẹ ò ní í lọ sọ́dọ̀ Adédìran lọ́la ni?”

“Màá lọ. Màá kọ ọ́ láàárọ̀.”

Ìwàlẹwà gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. “Bàbá Ìmísí, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Tiyín ti kúrò ní méjì. Mo kà á lánàá, ó ti di méje.”

“Orin náà ni gbogbo rẹ̀.”

“Aṣọ náà ni gbogbo aṣọ. Èmi ò ta ti àgbàlagbà.”

Ọmọbìnrin wọn, Ìmísíolúwa, wọlé wá mu omi, ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó sì yára jáde.

“Mi ò bá yín jà,” Ìwàlẹwà ní. “Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín, ẹ ò sì ní láti dá mi lóhùn báyìí. Nínú méjèèje, èwo ni ẹlòmíràn lè bá yín ṣe tí kò ní í dùn yín?”

Ó lọ bá àwọn akọrin náà. Bí wọ́n ti ń kọrin sínú ẹ̀rọ, ó ń ka àwọn iṣẹ́ rẹ̀ sínú. Kíbọ́ọ̀dù Adédìran: ọmọkùnrin kan wà ní Ẹdẹ tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù ú lọ, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ̀. Akọrin Òkè-Fìà: igbákejì rẹ̀, Marvellous, ló máa ń bá a bẹ̀rẹ̀ bó bá pẹ́, ó sì máa ń pẹ́ ní gbogbo ìgbà. Àwọn ọmọ mẹ́fà tó ń kọ́ ní dùùrù ò tilẹ̀ fẹ́ràn dùùrù, àwọn ìyá wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé kò sí èyí tó dùn ún nínú gbogbo rẹ̀. Ó wá fojú inú rí ẹlòmíràn tó jókòó nídìí kíbọ́ọ̀dù ní Iléṣà, tó ń kọ orin fún Yèyé. Ìyẹn dùn ún gidi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó kọ ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá àwọn tíṣà. Ó kọ èkíní tán kó tó mọ̀ pé orin ìgbéyàwó kan ni. Èkejì jọ ìpolówó ọṣẹ tó ṣe fún rédíò lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó fa ẹ̀kẹta ya kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Orí rẹ̀ kún fún ohùn, kò sì sí ti Yèyé níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ jáde ní aago méjì. Ó gun ọ̀kadà dé Old Garage. Yàrá ìdánrawò Adédìran ò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ síbi tó sọ̀ sí. Níwájú rẹ̀, ọmọ gáréèjì kan ń ké pé ó ku ẹnìkan, Iléṣà, ó ku ẹnìkan. Akínkúnmi dúró níbẹ̀ títí tí ọlọ́kadà fi bi í bóyá ó sọ nǹkan nù. Ó fa fóònù yọ.

“Adédìran, mi ò ní í lè wá lónìí. Mi ò sì ní í lè lọ Ìkìrun lọ́la.”

“Kí ló dé? Ṣé kò sí?”

“Kò sí o. Ìsìnkú tí mo sọ ni.”

“O ní o máa sá wá lẹ́yìn ìsìn.”

“Mi ò ní í sá wá mọ́.”

“Kúnmi, mi ò bínú o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ọmọ Ẹdẹ yẹn sórí kíbọ́ọ̀dù, mi ò ní í sọ pé kó dìde torí pé o ráyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Fi í síbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù mí lọ.”

“Èmi náà mọ̀,” Adédìran ní.

Ó dun Akínkúnmi díẹ̀ pé kò tilẹ̀ jiyàn. Ó wọ mọ́tò Iléṣà.

Wọ́n ti ń na tapólì síwájú ilé Bàbá Bọ́lárìnwá nígbà tó dé. Àwọn obìnrin ilé wà lẹ́yìn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ó bá bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó dá jókòó sí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Dìde,” bàbá ní. “Èwo lo tún gbé wá?”

“Mi ò gbé nǹkan kan wá, sà. Mo wá gbọ́ ni.”

“Gbọ́ kí ni?”

“Bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.”

Bàbá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Akínkúnmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Nínú orin tìrẹ, ìyá lo pè é,” bàbá ní níkẹyìn. “Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ tó bí ò pè é ní ìyá. Yèyé ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi náà, Yèyé ni mo ń pè é.”

“Kí ló wá dé tó o fi kọ ìyá?”

“Mi ò ronú, sà.”

Bàbá mi orí. Ó dà bíi pé èsì náà tẹ́ ẹ lọ́rùn ju àwáwí lọ.

“Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Kí lẹ máa ń pè é?”

“Àjọkẹ́.” Ó gbójú kúrò lára rẹ̀. “Nígbà tí a wà lóko, bí mo bá ń ti ìdí kòkó bọ̀ nírọ̀lẹ́, igi obì kan wà tí mo máa ń dé kí n tó rí ilé. Bí mo bá ti débẹ̀, màá ké pé, ‘Àjọkẹ́, ẹni kan ń bọ̀ o.’ Bí ẹni pé àlejò ni mí. Òun náà á dáhùn láti ìdí àdògán, á ní, ‘Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀, ulé wà fún un.’”

Ó pe ilé ní ulé, bí àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é.

“Ojoojúmọ́, sà?”

“Ojoojúmọ́. Ọjọ́ tí a bá jà pàápàá. Àmọ́ lọ́jọ́ tí a bá jà, kò ní í sọ gbogbo rẹ̀. Á kàn ní, ‘Ulé wà.’”

Akínkúnmi rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ké e bí ẹ ṣe máa ń ké e gan-an.”

“Kí n máa ké pe òkú nínú ilé?”

“Ẹ má bínú, sà.”

Ẹnìkan ń kan ìṣó mọ́ igi tapólì níta. Bó ṣe dáwọ́ dúró, bàbá gbé orí sókè, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kíṣínì, ó sì ké e. Ohùn rẹ̀ ò lágbára mọ́, ṣùgbọ́n ó gùn, ó gòkè lórí orúkọ náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tún gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní ìparí. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn dákẹ́. Akínkúnmi fa ìwé yọ nínú àpò. Dò re mí, Àjọkẹ́. Re re re mí dò, ẹni kan ń bọ̀. Kò ní láti wá orin kankan. Orin náà ti wà nílẹ̀ fún ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ó kàn ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í.

Síbẹ̀, iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó kọ ìdáhùn Yèyé fún bàbá gbọ́, bàbá ní kò rí bẹ́ẹ̀.

“Kì í ga tó yẹn. Obìnrin tó ń ro ọkà lọ́wọ́ kì í ké bí ẹni tí iná jó.”

Ó mú un sọ̀kalẹ̀. Bàbá ní ó tún ti lọ sílẹ̀ jù, àfi bí ìgbà tí àwọn bá jà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tún un ṣe. Fóònù Akínkúnmi ń gbọ̀n nínú àpò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, kò wò ó. Kò rántí ọjọ́ tó ti fi odidi ọ̀sán kan ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo rí. Ó rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ sì dùn, ó tún jẹ́ kí ojú tì í pé inú rẹ̀ lè dùn nílé ọ̀fọ̀.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó kọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Kò gbà wọ́n ju wákàtí kan lọ.

“Ó kúrú,” Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀ ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kékeré ló ní kó jẹ́.”

Nígbà tí ìsìn dé ibi orin, Akínkúnmi ò tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ó kàn fi ọwọ́ gbé ohùn fún wọn. Àwọn ọkùnrin ké e láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tó ń ti ọ̀nà oko bọ̀: “Àjọkẹ́, ẹni kan ń bọ̀ o.” Àwọn obìnrin tó wà nítòsí pósí dáhùn: “Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀, ulé wà fún un.” Gbogbo ọ̀rọ̀ yéni bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lásán. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ olóògbé ti ń sunkún. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tí wọn ò gbọ́ orin náà rí ti ń bá wọn dáhùn. Bàbá Bọ́lárìnwá ṣí fìlà, ó fi bo ojú, ó sì sunkún láìfi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Akínkúnmi bá wọn dé itẹ́ òkú. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọrin fún òkú láìdúró kí wọ́n bo sàréè.

Ìgbà tí wọ́n padà dé ilé, tí wọ́n ti fún àwọn èèyàn lóúnjẹ, ó lọ dágbére fún bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù. Bó bá rí mọ́tò kíákíá, á bá akọrin Òkè-Fìà ní aago márùn-ún.

“Orin náà dára,” bàbá ní.

“Ẹ ṣé, sà.”

“Ohùn rẹ̀ gan-an ni. Mo gbọ́ ọ.” Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún ká a kò. “Òun ni kò gbọ́ ọ. Ọdún márùn-ún ló fi ń sọ fún mi pé, ‘Akínkúnmi ń bá mi kọ ọ́ lọ́wọ́.’ Bí o bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, á fi ìgúnpá tọ́ mi, á ní bóyá òní ni.”

‘Ẹ má bínú’ ò tó o. Akínkúnmi dúró síbẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ọmọdé, bàbá ò sì ní kó má sunkún.

Nígbà tó ṣe, bàbá ní, “Èmi náà fẹ́ tèmi. Mo fẹ́ fi etí mi gbọ́ ọ.”

‘Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀’ ti dé orí ahọ́n Akínkúnmi. Ó gbé e mì. Ó fa fóònù yọ, ó sì pe Marvellous ní Òkè-Fìà.

“Ẹ máa bá pírátíìsì lọ o. Mi ò ní í wá.”

“Ó dáa, sà. Àbí ká dúró dè yín díẹ̀?”

“Ẹ má dúró dè mí. Màá wá lọ́jọ́ Àìkú wá sọ fún àlùfáà pé ìwọ ni kí wọ́n fi ṣe ọ̀gá akọrin. Ìwọ lò ń ṣe é tẹ́lẹ̀.”

Kò dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ó pa fóònù náà, ó fa àga kan mọ́ra, ó jókòó.

“Kò pọn dandan kó jẹ́ òní,” bàbá ní. “Wọn ò tíì kó àwo tán.”

“Òní ni, sà. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n pè yín nínú rẹ̀?”

Bàbá ronú. “Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi mọ́ láyé. Bàbá, Bàbá, ni gbogbo wọn. Òun nìkan ló ń pè é, bó bá ku àwa méjì.”

“Kí ló ń pè yín?”

“Àlàní.” Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín.

Akínkúnmi ò tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ bàbá.

“Ẹ tún un sọ, sà,” ó ní. “Bó ṣe máa ń sọ ọ́.”